Dàbínù Àárọ̀ Ọjọ́ Tí Kì í Ṣe Ọdún

Títí dòní, tí dàbínù bá ti kan ahọ́n mi, bó ti wù kó dùn tó, ó máa ń korò lẹ́nu mi. Ẹjọ́ dàbínù kọ́, ẹjọ́ tèmi ni. Gbogbo agbo ilé wa l'Ẹ́dẹ ló mọ ìtàn yìí, wọ́n sì ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí tí kò fi sí nǹkan kan tí mo lè fi pamọ́ mọ́. Ọmọ kékeré tó bá fẹ́ bú mi ládùúgbò, "Alfa Kọ̀ǹpútà" ló máa pè mí, á sì ki eré mọ́lẹ̀. Mi ò kì í lé e. Kí ni mo fẹ́ bá a wí nígbà tó jẹ́ pé orúkọ mi ló pè?

Mo rántí ìgbà tí mo rò pé orí tèmi nìkan ló pé nínú gbogbo ìlú. Mo wà ní Pólì nígbà yẹn, mò ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, mo sì ti wọ kíláàsì àṣekágbá. Mo ní ṣẹ́ẹ̀tì kan tí mo máa ń ki wọ inú ṣòkòtò dáadáa, mo ní gíláàsì ojú tí dókítà kankan ò ní kí n lò, mo sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àwọn oníròyìn ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọkùnrin yẹn, bí mo bá pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà lónìí, mo máa gbá a létí kí n tó kí i.

Láti kékeré ni mo ti ń kéwú. Ilé kéwú Alfa wa wà lẹ́yìn mọ́sáláṣí agbo ilé, Alfa ò sì fi ẹ̀kọ́ mọ sórí wàláà nìkan. Ẹni tó bá ti ka Kùránì já, tó ṣì fẹ́ máa kàwé lọ, wọ́n máa ń kọ́ ọ ní máńtíìkì, ìyẹn ẹ̀kọ́ bí èèyàn ṣe ń fi ọ̀rọ̀ méjì bí ọ̀rọ̀ kẹta. Alfa á ní, "Gbogbo ohun tó bá ń yí èèyàn lórí, ọtí ni. Gbogbo ọtí ló sì jẹ́ èèwọ̀. Kí ló kù?" Àwa náà á figbe ta pé, "Gbogbo ohun tó bá ń yí èèyàn lórí ló jẹ́ èèwọ̀!" Lọ́jọ́ kan mo nawọ́ sókè. Mo ní, "Alfa, ọmọbìnrin tó ń ta ọsàn níwájú mọ́sáláṣí ń yí mi lórí. Ṣé ọtí lòun náà?" Gbogbo ilé kéwú dà rú. Alfa kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín dáadáa, wọ́n nu ojú wọn, kí wọ́n tó wá na ọwọ́ mú pàṣán. Ṣùgbọ́n mi ò gbàgbé ẹ̀kọ́ yẹn. Mo fẹ́ràn bó ṣe ń lọ tààrà, bó o bá ti gba ọ̀rọ̀ méjì àkọ́kọ́, ìkẹta ò ní ibi tó máa sá gbà mọ́.

Nígbà tí mo dé Pólì, olùkọ́ kan wá gbé oríṣi ìrònú mìíràn ka iwájú mi. Olùkọ́ yìí ní kọ̀ǹpútà mọ bẹ́ẹ̀ ni, ó mọ bẹ́ẹ̀ kọ́, kò mọ ohun tó wà láàárín wọn, bẹ́ẹ̀ àárín yẹn gan-an lèèyàn ń gbé. Omi tí ẹnì kan ní ó gbóná, ẹlòmíì á ní ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Torí náà, wọ́n ní ká máa fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìdá tirẹ̀ nínú mẹ́wàá. Omi yìí gbóná dé ìdá mẹ́ta, tọ̀hún gbóná dé ìdá mẹ́jọ. Àwọn òyìnbó ní orúkọ tó gùn fún un. Èmi ò ro orúkọ, ìyá mi ni mo rò. Tí ìyá mi bá dúró níwájú tòmátì, wọ́n á ní èyí fẹ́ẹ̀ pọ́n, èyí ti ń pọ́n, èyí pọ́n, tọ̀hún sì ti pọ́n jù. Mo sọ fún ara mi pé ohun tí wọ́n ń kọ́ wa níbí yìí, ilé wa ni wọ́n ti ń sọ ọ́ látọjọ́ tó ti pẹ́.

Ibẹ̀ ni mo ti rí iṣẹ́ àṣekágbá mi. Mo ní mo máa fa ìrònú Alfa àti ti olùkọ́ pọ̀, kí wọ́n di ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà. Alfa ń sọ pé "gbogbo", ṣùgbọ́n ohun tó pọ̀ jù láyé yìí, "ọ̀pọ̀" ni, tàbí "sábà", tàbí "ó jọ pé". Mo fẹ́ kọ ẹ̀rọ tó jẹ́ pé, bó o bá tẹ̀ ẹ́ sínú rẹ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kírun lásìkò kì í parọ́, tó o sì tún tẹ̀ ẹ́ pé lágbájá sábà máa ń kírun lásìkò, á bá ẹ ro ó, á sì sọ ìwọ̀n tó o lè gba lágbájá gbọ́ dé. Olùkọ́ fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Wọ́n ní kí n dìde ní kíláàsì, wọ́n ní kí gbogbo èèyàn wò mí. Ìyẹn gan-an ló bà mí jẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò jókòó dáadáa mọ́.

Ohun kan wà nípa ìrònú yìí tó ń bí mi nínú. Bó o bá gba ọ̀rọ̀ kan gbọ́ dé ìdá méje nínú mẹ́wàá, tó o sì gba ìkejì gbọ́ dé ìdá mẹ́fà, èyí tó máa ti inú méjèèjì jáde kò lè tó ìdá márùn-ún, torí iyèméjì inú méjèèjì á kún ara wọn. Tó o bá tún wá mú ìyẹn lọ bá ọ̀rọ̀ mìíràn, ó tún máa dín. Kó o tó gun àkàsọ̀ mẹ́ta, kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ mọ́, ẹ̀rọ á sì kọ ọ́ sójú pé òun ò mọ̀. Inú bí mi. Ta ló fẹ́ ra ẹ̀rọ tó ń sọ pé òun ò mọ̀? Èèyàn tí ò mọ̀ kún ìlú, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n. Mo wá ki ìlà kékeré kan bọ àárín iṣẹ́ náà. Ìlà yẹn ní, ohunkóhun tó bá ti ju ààbọ̀ lọ, kí ẹ̀rọ kà á sí òótọ́ pọ́ńbélé kó tó gbé e lọ sórí àkàsọ̀ tó kàn. Ẹ wo bí ẹ̀rọ ṣe gbójú! Ohun tẹ́ ẹ bá bi í, kíá, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó wá jọ èmi tó bí i.

Ojú olùkọ́ ò pẹ́ kó tó bá ìlà yẹn. Wọ́n fi ìka tẹ ojú láptọ́ọ̀pù mi, wọ́n ní, "Yọ eléyìí kúrò. O ò lè máa gbá iyèméjì sẹ́yìn ilẹ̀kùn bí ìdọ̀tí. Gbé e dání dé òpin ọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni wàá ti mọ̀ bóyá ó tó tàbí kò tó."

Mo ní, "Yẹ́ẹ̀sì sà." Nígbà tí mo dé yàrá, mo sọ fáwọn ọ̀rẹ́ mi pé bàbá yẹn ń jowú mi ni, pé láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ́ni, irùngbọ̀n nìkan ni wọ́n rí dá sílẹ̀.

Inú ilé Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ni mò ń gbé nígbà yẹn. Òrí àti ọṣẹ dúdú ni wọ́n ń tà, gbogbo ilé wọn sì máa ń rùn bí òrí, débi pé ìwé mi náà ń dán. Ohun kan wà tí Ìyá àgbà fi ń yangàn láyé yìí, kì í ṣe ọmọ, kì í ṣe ilé. Ààwẹ̀ ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti parí ọmọ bíbí, ọjọ́ kan ààwẹ̀ Ràmàdáánì ò bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ rí. Ibà ò mú kí wọ́n já a, ọ̀fọ̀ ò mú kí wọ́n já a. Nígbà tí ara wá ń dara àgbà, Alfa wá sọ fún wọn pé ẹ̀sìn yọ̀ǹda fún irú wọn láti máa fún aláìní lóúnjẹ dípò rẹ̀. Ìyá àgbà ní, "Alfa, mo dúpẹ́ o. Ṣùgbọ́n ẹnu tó ṣì lè bá yín jiyàn yìí, ó ṣì lè dákẹ́ fún oúnjẹ." Alfa rẹ́rìn-ín, wọ́n bá tiwọn lọ.

Èmi ńkọ́? Ẹ̀yìn táǹkì omi ni mo ti ń gba ààwẹ̀ tèmi. Tó bá ti di ọ̀sán, mo máa yọ́ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì, mo sì máa jáde wá pẹ̀lú ojú ẹni tí òùngbẹ fẹ́ pa. Ìyá àgbà á pè mí sún mọ́ra, wọ́n á fa imú, wọ́n á ní, "Ọkọ mi, ààwẹ̀ tìẹ yìí ń rùn bí búrẹ́dì o." Wọn ò sọ fún bàbá mi rí.

Wọ́n fẹ́ràn ẹ̀rọ mi ju èmi fúnra mi lọ. Tí mo bá ṣí láptọ́ọ̀pù, wọ́n á fa àpótí wọn sún mọ́ mi. "Bi í, ṣé òjò máa rọ̀?" Mo máa wo òkè, mo máa tẹ ohun tí mo rí, ẹ̀rọ á dáhùn. Ó sọ ọ́ bó ṣe rí nígbà mélòó kan, Ìyá àgbà sì tètè kó ọjà wọlé kí òjò tó dé. Ọ̀rọ̀ bùṣe. Gbogbo oníbàárà tó bá wá ra ọṣẹ, wọ́n á sọ fún un pé ọmọ ọmọ àwọn ń kọ́ irin bí wọ́n ṣe ń ronú. Èmi náà á rọra kọjá níwájú oníbàárà yẹn, mo máa tún gíláàsì ojú mi ṣe.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ń wá oṣù ìtúnu ààwẹ̀ lọ́dún yẹn, ìkùukùu bo ojú ọ̀run. Wọ́n ti mú iná lọ láti àárọ̀, nẹ́tíwọ̀kì ń wá, ó ń lọ. Àwọn ọkùnrin agbo ilé ti lọ dúró sí gbangba lọ́nà Alájùẹ, wọ́n na ọrùn títí, wọn ò rí nǹkan kan. Alfa dúró níwájú mọ́sáláṣí lẹ́yìn ìrun, wọ́n ní, "Àwa ò rí i o. Ẹ jẹ́ ká dúró de ìkéde. Bí ìkéde ò bá dé, ààwẹ̀ la bá jí lọ́la." Ọ̀rọ̀ náà ò ta kókó rárá. Ó yé ọmọ ọdún méje. Èmi tí mo ti ń lọ sí ìparí Pólì ni kò yé.

Torí bí nẹ́tíwọ̀kì ṣe tún dé báyìí, ọ̀rọ̀ kan já bọ́ sórí fóònù mi láti ọ̀dọ̀ àna wa kan tó ń gbé ní ìlú Ara. Ó ní, "Ó jọ pé a ti rí oṣù níbí o. Nǹkan kan là fínífíní lápá ibi tí oòrùn wọ̀ sí." Mo fò dìde. Bátìrì láptọ́ọ̀pù mi ti fẹ́ẹ̀ tán, mo jókòó tì í, mo ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń gun ẹṣin. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kírun lásìkò kì í parọ́, àna wa sì sábà máa ń kírun lásìkò. Ó ju ààbọ̀ lọ díẹ̀, ẹ̀rọ kà á sí òótọ́. Ẹni tí ò parọ́, tójú rẹ̀ bá ríran, ohun tó rí ló rí, ojú àna wa sì ríran díẹ̀, torí ìgbà tó bá fẹ́ kàwé nìkan ló ń wá gíláàsì. Ó ju ààbọ̀ lọ díẹ̀, ẹ̀rọ kà á sí òótọ́. Ìkùukùu tó wà lọ́hùn-ún, mo gbà pé kò nípọn jù. Òun náà di òótọ́. Bí mo bá ní kí n gbé iyèméjì mi dání bí olùkọ́ ṣe wí, gbogbo rẹ̀ pátá kò ní ju ìdá méjì nínú mẹ́wàá lọ. Ṣùgbọ́n ìlà mi wà níbẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ kọ ọ́ gàdàgbà pé ọ̀la ni ọdún.

Ìyá àgbà wà lórí ẹní níta, wọ́n ń fa tẹ̀súbà. Àbúrò mi obìnrin, tó máa ń wá kí wa láti yàrá ìyá mi lápá kejì agbo ilé, ń fọ abọ́ ìṣínu lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Ọkọ mi, kí lẹ̀rọ wí?"

"Ọ̀la ni ọdún, Ìyá àgbà."

Wọ́n dá tẹ̀súbà dúró. "Ṣé ó dá a lójú?"

Ẹnu ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún mi níbẹ̀ yẹn, gbayawu. Mo lè sọ pé ó jọ bẹ́ẹ̀. Mo lè sọ pé ká dúró. Mo ní, "Ìyá àgbà, ẹ̀rọ kì í parọ́."

Àbúrò mi bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ má dá a lóhùn o, Ìyá àgbà. Ebi ló ń bá a rí oṣù. Ẹ̀yin ẹ béèrè lọ́wọ́ táǹkì omi."

"Fi í sílẹ̀," Ìyá àgbà ní. "Ọmọ mi kàwé."

Gbólóhùn yẹn ni mi ò lè gbé kúrò nílẹ̀ títí dòní. Ọmọ mi kàwé.

Wọ́n wọlé, wọ́n tètè sùn, ó ti rẹ̀ wọ́n. Èmi náà sùn. Èmi ló yẹ kó jí wọn fún sààrì, torí èmi ni mò ń sùn ní pálọ̀ wọn, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ jí wọn fún nígbà tí ẹ̀rọ ti fọhùn? Ìkéde wọlé sórí fóònù mi lẹ́yìn tí mo ti sùn, pé wọn ò rí oṣù níbì kankan, kí gbogbo èèyàn gba ààwẹ̀ kó pé ọgbọ̀n. Gbogbo agbo ilé jí, kálukú jẹ sààrì tiẹ̀ nínú yàrá, wọ́n sì padà sùn. Àwa nìkan ni a ò gbọ́.

Ohun tó jí mi ni nǹkan dídùn kan tó wọ ẹnu mi. Mo lajú, mo rí Ìyá àgbà lókè orí mi. Wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti wọ léèsì funfun tí wọ́n ń tọ́jú fún ọdún, lọ́fínńdà wọn ti bo òórùn òrí mọ́lẹ̀. "Ẹ kú ọdún o, ọkọ mi," wọ́n ní, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Awo dàbínù wà lọ́wọ́ wọn. Alfa ti wàásù pé súnnà ni kí èèyàn jẹ dàbínù díẹ̀ kó tó lọ sí Yídì láàárọ̀ ọjọ́ ìtúnu, Ìyá àgbà kì í sì fi ẹ̀yìn súnnà sílẹ̀. Wọ́n ti jẹ tiwọn kí wọ́n tó fi tèmi sí mi lẹ́nu. Mo jẹ ẹ́, mo tu kóró rẹ̀ sọ́wọ́, mo ní "Ẹ kú ọdún, Ìyá àgbà," mo sì ń ronú oúnjẹ.

Wọ́n ká ẹní ìkírun wọn mọ́ abíyá, wọ́n jáde síta. Mo tẹ̀ lé wọn, mo ń na ara. Ìyá mi ń fọ aṣọ lẹ́nu kànga. Àwọn obìnrin méjì ń gbálẹ̀. Kò sí ẹni tó wọ aṣọ ọdún. Kò sí ẹni tó ń dáná.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbálẹ̀ kúnlẹ̀ kí wọn. "Ìyá, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ mà dára o! Ibo lẹ ń lọ?"

"Yídì ni. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò tíì wẹ̀, ẹ̀yin wọ̀nyí?"

Ìgbálẹ̀ dúró. Ìyá mi dìde lẹ́nu kànga, ọṣẹ ń kán lọ́wọ́ wọn, wọ́n wo Ìyá àgbà láti orí dé ẹsẹ̀. Wọ́n rọra ní, "Ìyá, ààwẹ̀ ku òní o. Wọ́n kéde rẹ̀ lálẹ́ àná. Ṣé kì í ṣe pé ẹ ti..."

Wọn ò parí rẹ̀. Ìyá àgbà yíjú wò mí. Mo ń retí ìbínú, mo tiẹ̀ ń fẹ́ ẹ, torí mo mọ bí mo ṣe ń yẹ ìbínú sílẹ̀. Ìbínú ò sí níbẹ̀. Wọ́n kàn gbé ọwọ́ lé ẹnu, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn bíi pé ohun tó ti wọlé lọ ṣì lè wà nítòsí, bíi pé wọ́n lè mú un. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ nínú léèsì funfun, níwájú gbogbo èèyàn, ẹní ìkírun sì rọra yọ́ bọ́ lábíyá wọn.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Alfa. Alfa ní kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀ torí wọn ò mọ̀ọ́mọ̀, kí wọ́n pa ẹnu mọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kí wọ́n sì san ọjọ́ kan péré padà lẹ́yìn ọdún. Ìyá àgbà ní, "Ọjọ́ kan, Alfa." Ohùn wọn lọ sílẹ̀. "Ẹ̀yin ẹ pè é ní péré." Èmi ni Alfa yíjú sí. "Máńtíìkì tí mo kọ́ ẹ, ṣé mo sọ fún ẹ pé 'ó jọ pé' ni wọ́n ń pè ní 'bẹ́ẹ̀ ni'?" Mo wolẹ̀. Kóró dàbínù ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Àna wa pè lọ́sàn-án. Mo fẹ́ fi ìbínú mi lé e lórí, ó ní, "Ṣé mo sọ pé mo rí i ni? Mo ní ó jọ pé. Ó sì jọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ìkùukùu ni."

Ìròyìn ò ní ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó dé Pólì kí n tó dé ibẹ̀. Lọ́jọ́ tí a fẹ́ gbé iṣẹ́ àṣekágbá wa kalẹ̀, mo dúró níwájú àwọn olùkọ́, mo ń ṣàlàyé pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Olùkọ́ mi rọra bi mí léèrè, "Ṣé o ti yọ ìlà yẹn?" Mi ò tíì yọ ọ́. Lẹ́yìn gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀, mi ò yọ ọ́. Bí mo bá yọ ọ́, ó túmọ̀ sí pé wọ́n ti sọ òótọ́ fún mi kó tó bàjẹ́. Kí n tó lanu, ẹnì kan sọ lẹ́yìn pé, "Sà, ẹ bi í pé ọjọ́ wo ni ọdún." Ilé dà wó pẹ̀lú ẹ̀rín. Mo pa láptọ́ọ̀pù dé, mo gbé e sábíyá, mo jáde.

Wọn ò lé mi. Ẹ jẹ́ kó yé yín dáadáa, kò sẹ́ni tó lé mi ní Pólì. Èmi ni mo lé ara mi, kò sì sí iṣẹ́ kan tí mo ṣe níbẹ̀ tó pé tó ìyẹn. Olùkọ́ mi pè mí títí, wọ́n fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi pé kí n yọ ìlà kan péré, kí n padà wá, àwọn máa bá mi bẹ àwọn yòókù. Mi ò gbé ìpè kankan. Mo jókòó, mo ń ronú bí ẹ̀rọ mi gẹ́lẹ́. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, ó jọ pé wọ́n kórìíra mi. Ó ju ààbọ̀ lọ, mo kà á sí òótọ́. Ẹni tí wọ́n bá kórìíra, ó ṣòro kí wọ́n jẹ́ kó yege. Òun náà di òótọ́. Ẹni tí ò lè yege, kí ló ń ṣe níbẹ̀? Àkàsọ̀ mẹ́ta ni mo gùn, mo sì já bọ́ láti orí ìkẹta.

Ìyá àgbà fẹ́ san ọjọ́ kan wọn lẹ́yìn ọdún kíákíá. Bàbá mi ní kí ooru kọ́kọ́ rọlẹ̀. Nígbà tí ooru rọlẹ̀, ikọ́ dé. Nígbà tí ikọ́ fẹ́ lọ, dókítà fún wọn lóògùn tó jẹ́ pé oúnjẹ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá wá kí wọn, ohun tí wọ́n máa sọ fún un nìyí, pé ọjọ́ kan àwọn ló kù. Wọ́n ń fi mí ṣe ẹ̀fẹ̀ náà. Wọ́n á ní ẹ̀rọ mi ò tíì kéwú dé ibì kankan, kí n mú un lọ fún Alfa kí wọ́n fún un ní wàláà. Mo máa rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kan wọ́n bi mí pé, "Ọkọ mi, ilé ẹ̀kọ́ yẹn, ìgbà wo lo máa parí ẹ̀?"

"Ó ku díẹ̀, Ìyá àgbà."

Wọ́n mi orí. "Tèmi náà ku díẹ̀."

Wọ́n kú kí Ràmàdáánì tó padà dé.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Alfa pe ìdílé jọ, wọ́n ní ẹni tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ wọn lè bá wọn gba ọjọ́ tó ṣẹ́kù. Bàbá mi ti fẹ́ sọ̀rọ̀, mo ní kí wọ́n fi í fún mi. Àbúrò mi, tó ti sunkún tójú rẹ̀ wú, yíjú sí mi. "Ìwọ? Ẹlẹ́yìn táǹkì?" Àwọn tó ń sunkún rẹ́rìn-ín. Alfa ní kí wọ́n fi í fún mi.

Mo ti ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nígbà yẹn, níbi tí mo ti ń tún fóònù ṣe títí dòní. Mo jẹ sààrì, mo dá àníyàn, mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù. Oòrùn ọ̀sán mú bí iná. Oníbàárà kan tí mo tún fóònù rẹ̀ ṣe dáadáa fi inú dídùn gbé míńrà tútù kan lé mi lọ́wọ́, mo ṣí i, mo mu ún. Ó ti kọjá ọ̀fun mi kí n tó rántí. Alfa ní kò bà á jẹ́, ẹni tó bá gbàgbé, kó máa bá ààwẹ̀ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ṣé mo gbàgbé? Mo mọ ara mi. Mo bi ara mi léèrè dáadáa, mo rí i pé mo gbàgbé dé ìdá méje nínú mẹ́wàá. Ìdá mẹ́ta yòókù ńkọ́? Ibì kan wà nínú mi tó rí míńrà yẹn, tó rí omi tútù tó ń ṣàn lára ìgò rẹ̀, tó sì dákẹ́. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ mi àtijọ́ ni, méje ti ju ààbọ̀ lọ, ó ti di òótọ́, ọ̀rọ̀ ti tán, ká máa lọ. Mi ò lè ṣe é mọ́. Mo tún un gbà lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ọdún yẹn náà, mo rí nǹkan kan tí ò pé níbẹ̀. Ọdọọdún ni mo ń gbà á báyìí. Alfa ní mo ti san án tipẹ́, kí n fi ara mi sílẹ̀. Mo ní, "Alfa, ẹ jẹ́ kí n fi kún un."

Láìpẹ́ yìí tí ọjà ò tà, mo gbé láptọ́ọ̀pù yẹn jáde. Orí rẹ̀ ti ya, okùn ni mo fi so ó. Mo wá ìlà yẹn títí mo fi rí i, mo sì pa á rẹ́. Àsìkò tó gbà mí kò tó èyí tí mo fi ń pààrọ̀ ojú fóònù kan. Mo wá tún gbogbo ọ̀rọ̀ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn tẹ̀ sínú rẹ̀ bó ṣe wà gẹ́lẹ́, àna wa, ojú rẹ̀, ìrun rẹ̀, ìkùukùu Ara. Ẹ̀rọ ro ó díẹ̀. Ó kọ ọ́ pé, "Kò dájú. Ẹ dúró." Ohun tí Alfa sọ níwájú mọ́sáláṣí lọ́fẹ̀ẹ́ nìyẹn. Mo wò ó títí ojú láptọ́ọ̀pù fi ṣú fúnra rẹ̀. Mo ṣì ní nọ́ńbà olùkọ́ mi. Mo ti tẹ̀ ẹ́ débi tó ku nọ́ńbà kan, mo pa á rẹ́. Bóyá wọ́n ṣì máa gbé e. Mi ò mọ ìdá tí mo lè fún bóyá yẹn.

Òní lọ́jọ́ ààwẹ̀ Ìyá àgbà tọdún yìí. Mo jókòó sórí àpótí wọn níta, níbi tí wọ́n máa ń tẹ́ ẹní sí, dàbínù kan wà lọ́wọ́ mi. Oòrùn ti wọ̀ sẹ́yìn òrùlé. Fóònù mi ti dún, ó ní àsìkò ìṣínu ti tó. Àbúrò mi yọjú láti ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Alfa Kọ̀ǹpútà, ó ti tó o, jẹun." Mi ò tíì gbọ́ ohùn Ládánì tó ń pèrun ní mọ́sáláṣí. Mo di dàbínù náà mú, mò ń dúró.